Kọ́ọ̀sì fínọmẹnọ́lọ́jì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: ìràwọ̀ mẹ́rin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kọ́ọ̀sì yìí lórí fínọmẹnọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó ń yẹ bí nǹkan ṣe ń hàn sí wa wò, dáa, ó dáa gan-an, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ míì lọ́wọ́ o. Fídíò ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Husserl, ẹni tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ yìí sílẹ̀, àti ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1900 sí 1901 ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè sáré kọjá ibẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni ìgbà tó kan Adolf Reinach, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì tó kọ́ni ní Göttingen, ogun ló pa á lọ́dún 1917, kò tíì pé ọmọ ọdún 34. Lọ́dún 1911 ló kọ̀wé lórí ìdájọ́ tó ní "kò" nínú, ìyẹn kéèyàn gbà pé nǹkan kan ò rí báyìí, màdámù tó ń kọ́ wa ò sì kánjú níbẹ̀ rárá. Ó ní ká wo ilẹ̀kùn. Èèyàn lè kun ilẹ̀kùn lọ́dà, ó lè jóná. Àmọ́ pé ilẹ̀kùn náà wà ní títì ńkọ́? Ta ló fẹ́ kun ìyẹn lọ́dà? Síbẹ̀ òun gan-an lèèyàn ń gbà gbọ́ tàbí tó ń ṣiyèméjì lé lórí, òun náà ló lè jẹ́ ìdí tí nǹkan míì fi rí bó ṣe rí.

Ó tún ní ká wo tábìlì, ìwé wà níbẹ̀, ife wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀. Ojú rí ìwé, ojú rí ife, kí lojú wá rí tó fi mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ò sí? Ohun tí Reinach sọ ni pé àìsí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ jóòótọ́ bíi ti wíwà ìwé gẹ́lẹ́, ọkàn wa kọ́ ló hùmọ̀ ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa dédé rí i lára tábìlì, àfi tí nǹkan bá ti mú un béèrè tàbí tó ti ń rò pé ó wà níbẹ̀. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀, mo ń wo tábìlì tèmi.

Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò, ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ó sì fo "kò" láwọn ibì kan! Nínú ẹ̀kọ́ tó dá lórí "kò"! Ẹ gbọ́kàn lé etí yín, ẹ má gbọ́kàn lé e. Wọ́n tún mẹ́nu ba ìwé tí Wittgenstein, onímọ̀ ọgbọ́n orí míì, gbé jáde lọ́dún 1921 fẹ́rẹ́, wọn ò sọ fún wa pé ní tiẹ̀, bí nǹkan kan ṣe rí ò gbára lé bí òmíì ṣe rí, ibẹ̀ sì lòun àti Reinach ti yà ra.

Fídíò tó kẹ́yìn ni wọ́n fi sáré sọ̀rọ̀ ìlérí, èyí tí Reinach kọ lọ́dún 1913, pé tẹ́nì kan bá ti ṣèlérí tí ẹnì kejì sì gbọ́ ọ, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ti délẹ̀ nìyẹn. Ó tó kọ́ọ̀sì lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ṣe é, mo máa forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.