Ọjọ́ Kan Ṣoṣo, Ara Mẹ́jọ: Ìwé Stuart Turton

Àwa tí a ti inú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ wa níbí, gbé jáde ní 1969, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mọ bí Lápàdé ṣe máa ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn: ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, títí àṣírí yóò fi tú. Nínú The Seven Deaths of Evelyn Hardcastle, tí Stuart Turton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2018, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Costa fún ìwé àkọ́kọ́ òǹkọ̀wé, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ sì ń mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ó ń mọ́ ṣáá.

Blackheath ni ilé ńlá kan tí ó ti ń wó lọ láàárín igbó. Àríyá ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, níbi tí àwọn àlejò yóò ti fi ìbòjú bojú. Ní agogo 11 alẹ́, Evelyn, ọmọ onílé, yóò kú ikú tí kò ní jọ ìpànìyàn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún Aiden Bishop láti mọ ẹni tí ó pa á, ara àlejò tàbí ará ilé mìíràn ni ó sì ń jí sí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ kẹjọ bá parí tí kò rí ìdáhùn, wọn a pa iyè rẹ̀ rẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka òfin yìí sí i létí wọ ẹ̀wù dúdú, ó sì fi ìbòjú elẹ́nu ẹyẹ bojú bí ará ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ara yìí ni ó mú mi jù. Ẹni tí ó bá ti rí elégùn Ṣàngó rí mọ̀ pé ìwà òrìṣà ni elégùn ń hù nígbà tí òrìṣà bá gùn ún. Ti Bishop yàtọ̀: òun tí ó wọ inú ara ni ìwà ẹni tí ó ni ara ń gùn. Nígbà tí ó jí nínú Jonathan Derby, ìwà ìkà àti ìṣekúṣe ọmọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Lord Ravencourt ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin yìí sanra débi pé dídìde lórí ibùsùn jẹ́ iṣẹ́ gidi fún un, ìránṣẹ́ ni ó ń bá a wọ aṣọ, síbẹ̀ làákàyè rẹ̀ mú bí abẹ, inú ara tí kò lè sáré yìí ni ìwádìí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí. Àmọ́ òǹkọ̀wé fi ọ̀rá ọkùnrin náà ṣẹ̀fẹ̀ jù. Ní ìlú tí a ti ń sọ fún ènìyàn pé ara rẹ̀ dá, ẹ̀gàn náà kò dùn mọ́ mi rárá.

Ìwé yìí kò ṣe é kà pẹ̀lú oorun lójú. Bí àpẹẹrẹ, olórí ìránṣẹ́ ilé náà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ara mẹ́jọ Bishop, jẹ lílù àlùbolẹ̀ ní òwúrọ̀. A kọ́kọ́ jẹ ẹ́ nínú ara rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni a wá ń rí i láti ojú ẹlòmíràn. Mo fa ìlà sínú ìwé àjákọ, mo kọ agogo sí ẹ̀gbẹ́ kan, orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé ìwé àlòkù tí mo rà nítòsí ọjà Akẹ̀sán ti pàdánù àwòrán ilẹ̀ Blackheath tí ó yẹ kí ó wà níwájú, ẹni tí ó tà á fún mi kò sì sọ ọ́.

Ìparí rẹ̀ kún jù. Àlàyé ohun tí Blackheath jẹ́ gan-an, tí ó yẹ kí a ti máa rí fìrífìrí rẹ̀ tipẹ́, ni a kó jọ sí ojú ìwé díẹ̀. Ọkùnrin sì ni gbogbo ara mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a kò wo ayé láti inú Evelyn, tàbí Anna, obìnrin tí òun náà há sí Blackheath bíi Bishop, rí, bẹ́ẹ̀ orí wọn ni ìtàn náà dá lé.

Síbẹ̀, mo ní kí ẹ kà á. Àbúrò mi ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó tilẹ̀ ní kí n fi ìwé àjákọ náà kún un. N kò fún un.