Pátákó tí Kò Ní Táyà: Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Tony Hawk: Ride

Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ti fi ń lo Tony Hawk: Ride, eré fídíò tí a ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ilé-iṣẹ́ Robomodo ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Activision sì gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2009. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń fi pátákó onítáyà ṣeré lábẹ́ Southbank Centre ní Lọ́ńdọ̀nù, láti àwọn ọdún 1970 wá, ló mú mi wá a kiri. Ọmọ mi fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, èmi sì fẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dúró lórí pátákó kí ó tó lọ ṣubú sórí sìmẹ́ǹtì.

Pátákó tí a ń fi darí eré náà kò ní táyà. Abẹ́ rẹ̀ rí rogodo díẹ̀ kí ó lè máa mì. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń mọ ibi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí, ojú kéékèèké tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa ń fi ìtànṣán tí a kò lè rí mọ̀ bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ sáré, ẹ ó máa gbá ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fò, ẹ ó tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí imú rẹ̀ lè ta sókè. Bí ẹ bá sì ti wà lófuurufú, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó na ọwọ́ sí etí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì í mú. Ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ kò dára fún un, nítorí pé aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jọ ọwọ́ lójú ẹ̀rọ.

Ìpele mẹ́ta ló wà: Casual, Confident àti Hardcore. Ní Casual, eré fúnra rẹ̀ ló ń darí pátákó, ó sì dùn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, nítorí pé ẹni tí kò bá darí ara rẹ̀ kò tíì lo pátákó náà rárá. Ní Confident ni mo ti mọ adùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kí a gbé imú pátákó sókè díẹ̀, kí ìrù má sì kan ilẹ̀, kí a wà bẹ́ẹ̀ títí. Orúnkún mi máa ń gbọ̀n, ọrùn ẹsẹ̀ mi á máa wá ibi tí ìwúwo ara yóò gbà dọ́gba, ṣùgbọ́n ọmọ mi, tí kò lè ka ení dé ẹ̀ta lórí rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ti ń kà á dé ẹ̀wá báyìí. Ìgbà tí a gbìyànjú láti yí ara wa ká lórí kápẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọyì ohun tí Tony Hawk, gbajúmọ̀ eléré pátákó onítáyà ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ eré náà, ṣe níbi ìdíje X Games ọdún 1999, nígbà tó yí po lẹ́ẹ̀méjì àbọ̀ lófuurufú tó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Dọ́là 120 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Àlòkù ni tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù fún ẹ̀rọ eré fídíò PlayStation 3 tàbí Wii, ẹ béèrè ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ojú USB kí ẹ tó sanwó, nítorí pé òun ni pátákó fi ń bá eré sọ̀rọ̀. Ẹni tó ta tiwa kò fi í sí i, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sì ni ọmọ mi fi dúró lórí pátákó tí kò lè gbé e lọ sí ibì kankan.