Fìtílà ẹlẹ́mùú: ó dáa lóru, kò dáa ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má bi mí ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo lọ rà á ní ọjà Queen Cinema, n'Íbàdàn níbí, fìtílà kan náà wà nínú páálí oríṣi mẹ́ta lórí tábìlì ọlọ́jà kan ṣoṣo, orúkọ ara páálí kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. ₦14,000 ni ọmọkùnrin tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. A ná an, a ná an, ó gbà á ní ₦9,500. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ nìyí: kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wù yín, ó ní ẹ̀mú nídìí tó fi ń gbá etí tábìlì tàbí ẹ̀yìn ìwé mú. Àwọn gílóòbù wínníwínní ló kún ojú rẹ̀, àwọn kan ń tan funfun, àwọn kan ń tan pupa rúsúrúsú bíi ti àtùpà. Kò ní bọ́tìnì, ìka lèèyàn fi ń kàn án. Ihò cháàjì rẹ̀ sì jẹ́ irú ti àwọn fóònù tuntun, èyí tí okùn rẹ̀ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ní Ọ̀jọ́ọ̀. Mo tún ń kọ ìtàn. Ìtàn àtẹ̀léra ni, àwọn tó ń san owó oṣooṣù ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ara mi yá. Mo sì ní ọkọ. Micra ló ń wà, láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ó ń gba Sángo àti Mọ́kọ́lá kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ọkọ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn ọmọ iléèwé tó kún ojú títì. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé. Aṣọ oníbàárà ló gba pálọ̀, ẹ má jẹ́ n parọ́. Inú yàrá ni mo ti ń kọ̀wé, lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn. Ìdí tí mo fi ra fìtílà nìyẹn.

Iná ìjọba ńkọ́? Àdúgbò wa kò sí nínú Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí wọ́n wá sọ owó yúníìtì kan di ₦225 fún ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Tiwa ń wá nígbà tó bá wù ú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà nílẹ̀, irú tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour”, àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, n kò jẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìtàn mọ́. Bó bá jẹ́ nítorí aṣọ oníbàárà, owó ń bọ̀ níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù sì ń jẹ bátìrì, bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn náà ni mo máa fi tẹ ìtàn.

Ọ̀sẹ̀ tí mo rà á, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é ní Mọ́níyà. Lésì aláwọ̀ aró tó dúdú gan-an ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ lo fìtílà náà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, ibẹ̀ ló sì ti já mi kulẹ̀ jù. Ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò. Tábìlì rẹ̀ nípọn ju bí ẹ̀mú fìtílà ṣe lè la ẹnu lọ, ó di dandan kí n fi pákó pẹlẹbẹ kan há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó rí nǹkan gbá mú. Bí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n, ọrùn fìtílà á máa tẹrí ba díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dojú kọ ilẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi dì í mú. Ọmọ náà ò pẹ́ tó fi sú u, ló bá ń tan án sí mi lójú.

Èyí ṣì kéré. Ìmọ́lẹ̀ funfun rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà. Òwú dúdú àti òwú aláwọ̀ aró di ìbejì lábẹ́ rẹ̀. Mo ní láti gbé rìlì òwú méjèèjì lọ sẹ́nu ọ̀nà, sójú ọjọ́, kí n tó mọ èyí tó bá lésì náà mu. Ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú rẹ̀ tilẹ̀ burú jù fún iṣẹ́ yìí, ó ń sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ igi. Ẹni tó bá fẹ́ fi í fa òwú sójú abẹ́rẹ́, tàbí kó fi tú ìránṣọ tí kò dáa, ó lè lò ó. Fún aṣọ rírán gan-an, ẹ ra gílóòbù ńlá oníbátìrì tí wọ́n ń so kọ́ òkè àjà.

Lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, wọ́n kọ 10,000 mAh, ìyẹn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó, gàdàgbà sára páálí. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá mi tú ìdí rẹ̀, bátìrì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, irú roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, torí pé mìlímítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, 65 sì ni gígùn rẹ̀. Bátìrì yẹn, tó bá jẹ́ ojúlówó, kì í sábà ju 3,500 lọ. Ẹ wá wo ibi tí 10,000 ti ṣẹ̀ wá. N kò bínú sí i tó bẹ́ẹ̀ ṣá, nítorí bí mo ṣe ń lò ó lóru, ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, kì í tètè kú; mo lè gbàgbé láti fi í sí cháàjì, kó sì tún tàn lọ́jọ́ kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ló ń gbẹ ẹ́ kíákíá.

Òru wá ni ibi tó ti yẹ ká gbóríyìn fún un. Ìwé eléwé ọgọ́ta ni mo ń kọ ìtàn sí kí n tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, mo fẹ́ràn láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi bí mo ti ń kọ ọ́, kò sì sí ohun tó yá ju bírò lọ fún ìyẹn. Mo fi ẹ̀mú fìtílà gbá ẹ̀yìn ìwé mú, mo tẹ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀, mo fi í sórí pupa rúsúrúsú tó kéré jù. Ojú ìwé nìkan ló mọ́lẹ̀. Ògiri ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ni ojú ọkọ mi. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ hàn sí mi ketekete, ojú kò dùn mí. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ ibi tí ìyá ọkọ ti wá ká ìyàwó mọ́ ilé alájọ, ibi tó ti ń ṣòro fún mi láti ọjọ́ pípẹ́, oorun kò sì kùn mí.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa á ni ọ̀ràn dé. Ẹni tó ṣe fìtílà yìí kò fẹ́ ìyàwó rí, tàbí kó jẹ́ pé yàrá ọ̀tọ̀ ló ń sùn. Bí ìka bá kàn án, láti pupa tó kéré, á bọ́ sí pupa tó pọ̀, á bọ́ sí funfun, á bọ́ sí funfun tó ń fọ́ni lójú, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ gbòò. Ọkọ mi dìde jókòó, ó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Àdùkẹ́, ilẹ̀ ti mọ́ ni?”

“Aago kan òru ni, ọkọ mi. Padà sùn.”

Ó padà sùn, ṣùgbọ́n ó kùn díẹ̀ ná. Láti ìgbà náà, gèlè àtijọ́ kan ni mo ń fi bo orí fìtílà kí n tó pa á. Mo gbìyànjú láti tẹ ìka mọ́ ọn pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín kù lóòótọ́, àmọ́ kì í kú. Ìwé kékeré tó wà nínú páálí, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́rú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ iná. Ó ní kí ló ń jẹ́ ọ̀rọ̀ iná. “Iná ò dí mi lóorun. Ṣé èmi àtìẹ ti jọ sọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ Ajé ni?” Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, fìtílà tó jẹ́ kí n lè kọ̀wé láìjí i ló tún jẹ́ kí n lè máa kọ ọ́ lálaalẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí iná bá ti lọ, a ó jókòó síta, a ó jọ gba atẹ́gùn, ẹnì kan á ní ohun tó máa sọ. Ẹni tó ń tà á ní Queen Cinema ò lè kọ ìyẹn sára páálí.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbé ìwé ti. Mo fi fìtílà gbá etí àga ike mú ní ẹ̀yìnkùlé, mo tan án sórí funfun, a ta lúdò. A jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárín. Ó jẹ mí, ó tún jẹ mí, ó wá ń ròyìn èrò kan tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní Sángo pẹ̀lú àkùkọ tí kò so, tó sì ní òun ò ní san owó ìjókòó àkùkọ. Mo ti jí ìtàn yẹn gbé, ó wà nínú apá tó kàn. Fún lúdò, mo fún fìtílà yìí ní gbogbo máàkì. Àwọ̀ ọmọ lúdò kò ṣòro dá mọ̀ bíi lésì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn mọ́jú, aṣọ àwọn èèyàn Mọ́níyà gbọ́dọ̀ jáde. Fìtílà kò ṣe ju kó wá abẹ́rẹ́ tó já sílẹ̀ lọ, ó sì rí i.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn kòkòrò abìyẹ́ jáde bí ìṣe wọn. Nígbà tí mo tan funfun, wọ́n bo ìwé mi. Mo yí i sí pupa rúsúrúsú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ wá ibòmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kù. Ibẹ̀ ni mo ti parí ìtàn ọ̀sẹ̀ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi í ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ara mi yá.

Tó bá jẹ́ pé ìwé kíkà tàbí kíkọ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ fi í ṣe, tí ẹnì kejì sì ń sùn, ẹ rà á. Kó tó kúrò lórí tábìlì ọlọ́jà, ẹ ní kó tan án, kó sì pa á lójú yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí ìka ń kàn án. Bẹ́ẹ bá rí èyí tó ní bọ́tìnì gidi, ẹ mú un, bó tilẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà wọ́n jù ú lọ. Ẹ mú ìwé tó nípọn dání láti fi wọn ẹ̀mú rẹ̀. Ẹ má san ju ₦9,500 lọ. Èmi ń padà lọ ra òmíràn lọ́sẹ̀ yìí, torí ọkọ mi ti fi tèmi gbá bọ́néẹ̀tì Micra mú, ó fi ń wo ọ́ìlì láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ní kò sí fìtílà tó dáa tó bẹ́ẹ̀.