Ilé gáàsì kan ní Òkè Baálẹ̀ tí kì í fojú di oníkílò kan

Aránṣọ ni mí, Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Gáàsì ni mo fi ń se oúnjẹ, èédú ni mò ń kó sínú áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń jẹ owó. Ṣọ́ọ̀bù gáàsì kékeré kan wà ládùúgbò wa tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. ₦1,200 ni wọ́n ta kílò kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó gbé àgbá kílò 12.5 wá, ₦1,200 náà ni wọ́n fi ṣírò tirẹ̀.

Ẹ má wò ó bí ohun kékeré o. Níbòmíràn, wọ́n á ní àwọn kì í ta kílò kan, tàbí kí wọ́n bu ₦200 lé e. Àwọn ilé gáàsì ńlá lẹ́yìn ìlú ń tà á ní ẹ̀dínwó, àmọ́ onímọ́tò ló lè jàǹfààní ibẹ̀. Tèmi tó fẹ́ ra kílò méjì, owó kẹ̀kẹ́ Márúwá àlọ àtàbọ̀ á ti gbé ẹ̀dínwó yẹn lọ.

Ìyá kan wà nínú ilé wa tó ń ta ẹ̀kọ. Èédú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ló ń rà lójoojúmọ́. Àwọn tó rí jájẹ máa ń sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ ra gáàsì, èéfín yìí ò dáa fójú yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ṣé ìyá ò mọ̀ ni? Owó òòjọ́ ló ń wọlé fún wọn, òòjọ́ náà ni wọ́n lè fi ra nǹkan. Àgbá pẹ̀lú rọ́bà àti sítóòfù, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn. Ìta ló wà, ó kọjú sí oníbàárà. Ọmọkùnrin tó ń tà á á kọ́kọ́ wọn àgbá bí ẹ ṣe gbé e dé, torí gáàsì lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀, á ní kí ẹ ka nọ́ńbà fúnra yín, kó tó rọ tuntun sí i. Lẹ́yìn náà á fi ìfófò ọṣẹ pa ẹnu àgbá, kó wò ó bóyá ó ń jò. Bó ṣe ń ṣe é fún àgbá ńlá ló ń ṣe é fún ti kílò mẹ́ta. Alágbàdá kan sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù níṣojú mi, ó fẹ́ kọjá iwájú wa. Ọmọ náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá ló ṣáájú yín.”

Àléébù wọn ni pé aago mẹ́fà ni wọ́n ń tì. Ẹni tó pàtẹ sí Ọjà Ọba kò tíì délé nígbà yẹn, owó ọjọ́ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mo bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n fi wákàtí kan kún un. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, màá tún bẹ̀ wọ́n.

Ẹ mú owó lọ́wọ́ dání, torí POS wọn kì í sábà ṣiṣẹ́.