Ìkìlọ̀ fáwọn tó ń ralẹ̀ l'Ékòó: owó "layout approval" ò lè tún ìwé ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ilẹ̀ lágbègbè Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan sí i. Bí àwọn kan ṣe ń rẹ́ oníbàárà jẹ ni pé, tí ẹni tó ralẹ̀ bá béèrè C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba) tàbí gásẹ́ẹ̀tì (ìwé tí ìjọba fi ń kéde ilẹ̀ tó yọ sílẹ̀ fún abúlé), wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn ti ń bá layout approval (àṣẹ ìjọba lórí bí wọ́n ṣe máa gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì) lọ ní Aláùsá, tó bá ti jáde, wàhálà ìwé parí nìyẹn. Wọ́n á wá bu owó lé olúkúlùkù. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún pe owó mìíràn.

Irọ́ ni. Ìwé ilẹ̀ ló ń ṣíwájú, layout ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ló nilẹ̀, ìjọba ò ní bá a fọwọ́ sí bó ṣe fẹ́ gé e sí púlọ́ọ̀tì. Gbogbo ohun tí layout approval ń sọ ò ju bí ilẹ̀ tó ti lólówó ṣe máa pín: ibi tí ọ̀nà máa gbà, ibi tí gọ́tà máa gbà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni, kò lè yọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ wo bébà tí wọ́n ń nà síta fún yín dáadáa. Ó máa ń tóbi, aláràbarà ni, wọ́n á kọ Block C, Plot 14 sí i, wọ́n á fi àwọ̀ ewé kun ibi tí wọ́n ní àwọn ọmọ á ti máa ṣeré. Òǹtẹ̀ kan á wà nísàlẹ̀. Ẹ ka òǹtẹ̀ yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti awọnlẹ̀ (surveyor) tàbí ti town planner tó ya àwòrán ni. Onítọ̀hún ń sọ pé òun lòun yà á ni, kò sọ pé ìjọba ti fọwọ́ sí i. Àṣẹ ìjọba máa ń ní nọ́ńbà, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí wọ́n fún. Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú ní Aláùsá fúnra yín. Ẹ má rán éjẹ́ńtì.

Ẹ tún bá wọn ṣírò ilẹ̀ ọ̀hún. Éékà kan jẹ́ nǹkan bíi square metre 4,047. Púlọ́ọ̀tì tó pé, mítà 18 sí 36, jẹ́ 648. Mẹ́fà irú ẹ̀ jẹ́ 3,888, 159 péré ló kù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní mítà 9, tó la éékà náà já, á gba nǹkan bíi 570. Púlọ́ọ̀tì márùn-ún ló ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ta mẹ́fà ti ta ọ̀nà mọ́ ọn, ẹni tó sì ra ẹ̀yìn á máa gba orí ilẹ̀ ẹlòmíì wọlé títí dọjọ́ tónítọ̀hún bá mọ fẹ́ńsì.

Sọ́fè, ìyẹn àwòrán ààlà ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Ẹ má gba èyí tí ẹni tó ń tà mú wá lọ ṣe charting (wíwò ó lọ́dọ̀ ìjọba bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba gbà), kẹ́ ẹ wá rò pé ẹ ti ṣèwádìí. Wọ́n lè mú yín dé orí ilẹ̀ kan, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ilẹ̀ mìíràn tí kò ní wàhálà. Ẹ gba awọnlẹ̀ tiyín, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON (ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà), kó gbé GPS rẹ̀ dé gbogbo igun ilẹ̀ náà, kó mú easting àti northing wọn (nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà). Kó wo píláà, òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀: nọ́ńbà tó wà lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú sọ́fè mu. Tí sìmẹ́ńtì ọ̀hún ṣì tutù, tí nọ́ńbà ò sí lórí ẹ̀, ẹ dá owó yín dúró. Nọ́ńbà easting àti northing tí awọnlẹ̀ yín mú lẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (ọ̀gá awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀). Ẹ béèrè níbẹ̀ pẹ̀lú bóyá red copy sọ́fè náà (ẹ̀dà tí awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn) ti wọlé.

Tí ọ́fíìsì náà bá ní ilẹ̀ ọ̀hún jẹ́ "committed", ẹ kúrò níbẹ̀, ìjọba ti mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Tó bá jẹ́ acquisition (ilẹ̀ tí ìjọba gbà) tí wọn ò tíì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kankan, ẹ lè béèrè fún regularisation (kí ìjọba fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ ni ín), àmọ́ ọ̀dọ̀ ìjọba lẹ ó ti sanwó rẹ̀, kì í ṣe sápò ẹni tó tà á. "Excision in process" (pé ìjọba ṣì ń gbèrò láti yọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún abúlé) kì í ṣe ìwé ilẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá sì ní gásẹ́ẹ̀tì wà, kí awọnlẹ̀ yín fi ààlà inú rẹ̀ wé ilẹ̀ yín, torí ìjọba lè yọ hẹ́kítà 20 fún abúlé kan, kí wọ́n máa fi gásẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ta igbó tó wà lẹ́yìn ààlà.

C of O lórí gbogbo ilẹ̀ náà pàápàá ò tó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní ẹni tó ni ín ò lè gbé e fún ẹlòmíì láìsí àṣẹ gómìnà, torí náà ẹ ṣì máa nílò Governor's Consent lórí púlọ́ọ̀tì tiyín. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i. Èyí tí ọmọ ẹbí kan dá tà láìsí olórí ẹbí, kò múlẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ má san ìyókù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ béèrè nọ́ńbà approval àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ fún un. Tí kò bá dáhùn, kí lọ́yà yín kọ̀wé ẹ̀sùn sí LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí òwò ilé àti ilẹ̀. Ẹ fi ríìsíìtì, ẹ̀rí owó láti báńkì, ẹ̀dà layout tí wọ́n fún yín àti èsì charting tì í. Ẹ̀dà nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má gbé ojúlówó fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá yín "pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun".