Abu Simbel láti Aswan: Ìrìn-àjò Òòjọ́ Tó Gba Agara

Nínú gbogbo ibi tí àlejò lè lọ kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà ní gúúsù Íjíbítì, Abu Simbel, ibi tí tẹ́ḿpìlì àtijọ́ méjì wà, ló tánni lókun jù, síbẹ̀ òun ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. Nǹkan bí 280 kìlómítà ni ó jìnnà sí ìlú Aswan, aṣálẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló kó wa lọ. Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra, kí a lè débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Awakọ̀ fara balẹ̀, ọkọ̀ sì tutù, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí wọ́n pè ní oúnjẹ àárọ̀ kò ṣeé fi pa ebi. Ẹ gbé oúnjẹ tiyín dání. Owó ìwọlé kò sí nínú iye tí a san fún wọn, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì àtijọ́, ló gbẹ́ tẹ́ḿpìlì ńlá náà sínú àpáta ní ọ̀rúndún 13 ṣáájú ìbí Kristi. Ère rẹ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí 20 mítà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òkè ara ọ̀kan ti wó láti ayé àtijọ́, ó sì wà nílẹ̀ níwájú ère náà. Nínú lọ́hùn-ún ni ère òrìṣà mẹ́ta àti ti ọba fúnra rẹ̀ wà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù Kejì àti ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ìtànṣán òwúrọ̀ máa ń wọlé dé ọ̀dọ̀ wọn, àyàfi Ptah, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà náà, tó máa ń wà nínú òkùnkùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Nígbà tí ìsédò tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí odò Náílì ní Aswan fẹ́ jẹ́ kí omi bo ibẹ̀, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kó owó àti amojú-ẹ̀rọ jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láàárín 1964 sí 1968, wọ́n rẹ́ gbogbo rẹ̀ sí òkúta ńláńlá, wọ́n sì tún un tò sókè ní nǹkan bí 65 mítà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, àtọwọ́dá ni. Ẹ wo ara àwọn ère náà dáadáa, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Àwọn afinimọ̀nà kì í ṣàlàyé nínú tẹ́ḿpìlì, ìta ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wọn. Tiwa yára parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì dárúkọ ogun Kadesh, èyí tí Ramesses bá àwọn ará Hiti jà, tí wọ́n gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Èyí kò dùn mọ́ mi rárá, nítorí ògiri yẹn ni ó dára jù nínú ilé náà.

Tẹ́ḿpìlì kékeré, ti Nefertari aya ọba, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, nígbà tí èrò ṣì ń rọ́ lọ sí ti ńlá. Níwájú rẹ̀, ère ayaba ga bákan náà pẹ̀lú ti ọkọ rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Íjíbítì.

Bíi wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wa, kò sì tó. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó sùn sí ìlú náà mọ́jú. Ẹni tí yóò bá bọ́ọ̀sì lọ, kí ó jókòó sápá òsì bí ó bá fẹ́ rí yíyọ oòrùn, tàbí sápá ọ̀tún bí oorun ni ó wù ú.