Tòmátò, òrúnlá àti gbódó ọjà Àbújá: èwo ló gbẹ ní tòótọ́?

Ẹ bi ọlọ́jà ní Wúsè tàbí Gwagwalada bóyá tòmátò rẹ̀ gbẹ, "ó gbẹ" ni yóò wí. Kò purọ́, ọ̀rọ̀ náà ló fẹ̀ jù. Rọ, gan, gbẹ, gbẹ táútáú, yangbẹ: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, owó múdù yín sì wà lórí ìyàtọ̀ náà.

Tòmátò ló le jù láti rà. Nǹkan bí ìdá 94 nínú 100 tòmátò tútù ló jẹ́ omi. Bí wọ́n bá kàn là á sí méjì kí wọ́n tó sá a, èèpo á ti gan nígbà tí inú ṣì rọ̀. Tòmátò yẹn rọ ni, kò tíì gbẹ. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó gbẹ máa ń tẹ̀ bí awọ láìlẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí tó gbẹ táútáú máa ń dá sí méjì. Tí wọ́n bá di èyí tó rọ sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ríbi gbà jáde, ó sì máa bu. Ẹ má gé ibi tó bu kúrò kí ẹ sì se ìyókù, nítorí májèlé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ní kì í kú sínú ìkòkò. Èyí tó dúdú bí èédú ti yangbẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ á korò.

Iyanrìn ńkọ́? Orí ilẹ̀ ni wọ́n sá púpọ̀ nínú wọn sí. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ rò ó díẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ kó o láti òkè. Bí ẹ bá da omi àti tòmátò pọ̀ sínú asẹ́, iyanrìn tó ti sọ̀kalẹ̀ á tún bò ó.

Òrúnlá ló wù wá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé ilá, nítorí náà afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń tètè gba omi ara rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú igbá, kí ẹ mì í: ó gbọ́dọ̀ ró bíi ṣẹ́kẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ti gígé, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín. Bó bá jẹ́ lílọ̀ nìkan ló wà, ẹ fún un mọ́wọ́. Èyí tó bá di ìṣù ti rin.

Gbódó ní tirẹ̀, ẹ kan méjì pọ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, kí ẹ tún dá ọ̀kan wò bóyá kòkòrò ti lu inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hausa kan wúlò níbẹ̀: "Akwai danshi?" Ṣé ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ṣe pàtó ju "ṣé ó gbẹ" lọ, ọlọ́jà á sì mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àkọlé sára ọ̀rá ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì òkè sórí gbẹ. Gbẹ́ ni ti kànga àti ère.)

Bí ẹ bá délé, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò, ẹ dé e pa títí di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ìdérí, ẹ tún un sá.